Ọgbọ̀n Ẹ̀wà Lórí Tábìlì Dúpẹ́

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń bó ẹ̀gúsí lè máa bó o lọ. Etí ni mo fẹ́ yá lọ́wọ́ yín, n kò yá ọwọ́. Ọ̀nà tí mo rìn jìn, n kò sì ní sáré sọ ọ́. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Òkè-Ọ̀pin ni mí, Òsì ni mo lọ sílé ọkọ, ọdún márùndínlógójì ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ìṣirò. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbọ́ èyí, ọwọ́ mi lẹ ti kọ́ ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyá Tíṣà lẹ̀ ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Tíṣà ròyìn oṣù mẹ́fà tó lò ní ìlú Òyìnbó fún yín, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí nípa owó oṣù àwọn nọ́ọ̀sì, èyí tí gbogbo wa ń sọ bí ẹni pé a bá wọn kà á.

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, nọ́ọ̀sì sì ni àwọn méjèèjì. Dúpẹ́ ni àgbà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún nígbà náà. Ṣadé ni àbúrò. Ilé ìwòsàn kan ní ìhà Ìlọ́fà ni Ṣadé ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ní Òsì ló sì ń gbé, ojoojúmọ́ ló ń gun ọ̀kadà lọ tó ń gun ún bọ̀.

Ṣadé ní òun náà fẹ́ lọ. Agẹ́ǹtì kan ní Ìlọrin sọ iye tí òun máa gbà kí ó tó ṣeé ṣe. Owó náà kò sí nílé. Ohun tó wà ni ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Òkè-Ọ̀pin, tí igi obì wà lórí rẹ̀, tí Ṣẹ́gun ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi tọ́jú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ṣùgbọ́n tó ń gbé Àbújá ti ń yí ilẹ̀ náà po tipẹ́. Iye tó fẹ́ san àti iye tí agẹ́ǹtì fẹ́ gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ sọ ọ́.

Ṣadé kúnlẹ̀ níwájú mi. "Màámi, ẹ tà á. Kí ọdún méjì tó pé, mà á ra ìlọ́po rẹ̀ fún yín."

Ó yọ fóònù, ó tẹ iye tó gbọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà lọ́hùn-ún, ó sọ ọ́ di náírà, ó gbé e sún mọ́ ojú mi. "Ẹ wo òǹkà, Màámi! Ẹ wo bí ó ṣe gùn tó! Owó oṣù kan ṣoṣo nìyẹn o."

Mo wò ó. Ó gùn lóòótọ́. Òǹkà yẹn náà ló sì ti da àárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rú. Ní ọdún kan sẹ́yìn, Ṣadé bẹ Dúpẹ́ pé kó fún òun lówó tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn-àjò, Dúpẹ́ ní kò sí lọ́wọ́ òun. Ṣadé tún ìṣirò náà ṣe, ó rí i pé ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé kò sí, ó ní ahun ni ẹ̀gbọ́n òun. Láti ọjọ́ náà wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, lẹ́yìn Ṣadé ni mo wà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mo sọ owó Dúpẹ́ di náírà, n kò rántí sọ owó ilé rẹ̀ di náírà.

Inú èyí la wà tí Dúpẹ́ fi bímọ, tó ní kí n máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú ọmọ. Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni Àbújá pé kó dúró dè mí. Mo sì sọ fún Ṣadé pé, "Mò ń lọ fi ojú ara mi wò ó. Tí mo bá rí i pé owó náà tó bí o ṣe sọ, mà á fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ náà láti ibẹ̀."

Ó ní, "Ẹ ti ṣeun, Màámi. Mo mọ̀ pé ẹ máa fọwọ́ sí i."

Dídé

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dá yín dúró. Ènìyàn á jókòó, wọ́n á gbé oúnjẹ kékeré fún un nínú abọ́ kékeré, ẹsẹ̀ á wú, ó parí.

Mo gbé odó dání. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odó kékeré tí gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ìdòfin gbẹ́ fún mi ni, òun àti ọmọ odó rẹ̀, mo fi ìró wé wọn sínú báàgì. Dúpẹ́ ti sọ fún mi lórí fóònù rí pé ìyẹ̀fun iṣu ni òun ń rò jẹ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Nígbà tí a balẹ̀, obìnrin aṣọ́bodè kan dá mi dúró, ó tú báàgì, ó gbé odó jáde, ó ń yí i bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí.

"Kí lèyí, màdáámù?"

"Odó ni."

"Kí lẹ ń fi ṣe?"

"Iyán ni à ń fi gún."

"Kí ni iyán?"

Ìbéèrè tíṣà ló bi mí yẹn, mo sì dá a lóhùn bí tíṣà. Láti orí kíkọ ebè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dé ibi tí iṣu ti ń jinná nínú ìkòkò nígbà tó bojú wẹ̀yìn mi, tó rí bí àwọn ènìyàn ṣe tò lọ rẹrẹẹrẹ. Ó dá odó padà sínú báàgì, ó ní, "Ẹ máa lọ, màdáámù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ."

Òtútù tó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ti ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ tiwa á gbá ènìyàn lójú láàárọ̀, oòrùn á yọ, á lọ. Tiwọn á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ sílé. Dúpẹ́ dúró dè mí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ẹ̀wù òtútù ńlá kan wọ̀ mí lọ́rùn kí ó tó kúnlẹ̀ kí mi níbẹ̀ gan-an, lójú gbogbo èrò. Àwọn kan dúró wò ó. Orí mi wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde síta, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mo kà wọ́n. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni mo kí. Mẹ́ta ló dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tí mo sọ fún Dúpẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọmọ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

"Màámi, wọn kì í kí gbogbo ènìyàn níbí."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá ẹni náà jí dáadáa?"

"Wọn ò fẹ́ mọ̀, Màámi."

Àwọn tí kò kí mi lójú pópó yìí kan náà ni mo lọ ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ wọn. Ọmọdébìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi wo ojú mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, olùfẹ́ mi." Olùfẹ́ mi! Bàbá Dúpẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n la fi gbé pọ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ yìí pè mí bẹ́ẹ̀ nítorí búrẹ́dì kan ṣoṣo. Mo tún padà lọ ra òmíràn lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Ìsàlẹ̀

Òkè ni Dúpẹ́ àti Túndé ọkọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ òyìnbó ń dá gbé nísàlẹ̀ wa gan-an. Sátidé àkọ́kọ́, mo se iṣu, mo gbé odó sílẹ̀, mo ká ìró mi, mo bẹ̀rẹ̀. N kò tíì gún un dé ìdajì tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Bàbá náà ló dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo rò pé ìjà dé. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ má bínú rárá. N kò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ṣé ẹ̀ ń tún ilé ṣe ni?"

Ẹni tó ń bínú ló ń tọrọ àforíjì! Ní Òsì, ẹni tí mo bá dà láàmú tó bẹ́ẹ̀ á ti máa pe orúkọ mi láti ìsàlẹ̀, á pè é dé orí bàbá mi. Mo sọ fún un pé oúnjẹ ni mò ń ṣe. Ó wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. "Oúnjẹ ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kó dúró. Mo parí rẹ̀ wẹ́rẹ́, mo bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú abọ́, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbà á bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tí kò mọ̀ rí fún.

Ní ọjọ́ kejì, a bá abọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Káàdì kékeré kan wà nínú rẹ̀. Dúpẹ́ kà á sókè: ó ní oúnjẹ náà dùn gan-an, ó dúpẹ́, ó sì ń bèèrè, bí kò bá ni wá lára, bóyá a lè máa ṣe é ní aago mẹ́rin, nítorí òun máa ń jáde rìn ní aago mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé ni mò ń gúnyán. Bàbá Ìsàlẹ̀ á gbọ́ tí mo bá gbé odó sílẹ̀, á wọ bàtà, á jáde. Tó bá padà dé, abọ́ tirẹ̀ á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. A kò sọ ọ̀rọ̀ tó kún ọwọ́ láàárín oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n tó bá di Friday, á bi Dúpẹ́ bóyá ara Ìyá le.

Ìlàjì iṣu

Ibi tí a ti ń ra iṣu ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun tó mú mi ronú. Obìnrin Ìbàdàn kan ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnu ilé ni mo fi bi í pé, "Èló ni uṣu yìí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Áà, Ìyá, ará Èkìtì ni yín!"

"Kwara ni mí."

"Kwara kẹ̀? Ṣebí Ìlọrin ni Kwara?"

"Ìlọrin ni olú-ìlú. Àwa náà wà níbẹ̀."

"Ẹ ẹ̀ jọ ará Kwara, Ìyá."

Mo fi òkun sílẹ̀ sẹ́yìn, mo dé ibi tí yìnyín wà, mo ṣì ń ṣàlàyé ibi tí Òsì wà fún Yorùbá ẹgbẹ́ mi. Níbi tí a ti ń yọ ara wa lẹ́nu ni mo ti rí Dúpẹ́ tó gbé odindi iṣu kan, tó wo iye tí wọ́n kọ sí i, tó dá a padà. Ó lọ síbi tí wọ́n kó èyí tí wọ́n ti gé sí, ó mú ìlàjì.

Ojú mi là. Mo wá ń rí àwọn nǹkan mìíràn. Mo rí i pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, a máa ń pa á bí a bá ti jí tán, a ó sì wọ ẹ̀wù méjì-méjì nínú ilé. Mo rí i pé ẹ̀wù òtútù tí Dúpẹ́ fi wọ̀ mí lọ́jọ́ tí mo dé, òun kan náà ni tirẹ̀. Tí èmi bá wọ̀ ọ́, òun á wọ ti Túndé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọmọ pé oṣù márùn-ún. Wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lórí ẹsẹ̀. Bí ó bá dé, á jókòó sórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè gun ìyókù.

Ẹ̀wà àti ìrẹsì

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Túndé gbé ọmọ jáde láti fún un ní atẹ́gùn. Mo pe Dúpẹ́ sí ìdí tábìlì.

"Dúpẹ́, ẹnu mi kò lè dákẹ́ mọ́. Báwo lowó rẹ ṣe ń wọlé, báwo ló ṣe ń jáde?"

"Màámi, ẹ má da ara yín láàmú. A wà dáadáa."

"Mo ti kọ́ ọmọ tí n kò lè ka iye wọn ní ìyọkúrò. Gbé ẹ̀wà wá."

Ó gbé ẹ̀wà wá. Mo ka ọgbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù, mo kó wọn jọ síwájú rẹ̀. Mo ní, "Gbogbo owó oṣù rẹ nìyí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Máa yọ ọ́."

Ó kọ́kọ́ yọ méje. "Owó orí ìjọba àti owó ìfẹ̀yìntì. Kí n tó rí i, ó ti lọ."

Ó tún ka mẹ́wàá, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ilé."

"Mẹ́wàá? Ṣé ẹ ra ilé náà ni?"

"A háyà á ni, Màámi. Yàrá méjì."

Ó yọ mẹ́ta. "Iná, gáàsì, omi, àti owó orí àdúgbò."

"Ṣebí ìjọba ti gba méje?"

"Ìjọba kejì nìyí."

Mẹ́ta lọ fún oúnjẹ. Méjì lọ fún ọkọ̀, fún fóònù, àti fún owó tí nọ́ọ̀sì ń san kí orúkọ rẹ̀ lè máa wà nínú ìwé. Mo bi í nípa ọmọ. Ó ní owó Túndé ló ń gbọ́ tọmọ, àti pé bí mo bá ti padà sílé, ibi tí wọ́n ń gbé ọmọ sí yóò jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ka ohun tó ṣẹ́kù níwájú rẹ̀. Ẹ̀wà márùn-ún.

Dúpẹ́ fi ìka tẹ mẹ́ta nínú rẹ̀, ó rọra fà wọ́n wá sọ́dọ̀ mi.

"Tiyín nìyí, Màámi. Èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù."

Mo wo ẹ̀wà mẹ́ta náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbé owó yẹn lọ ra aṣọ ìkórè rí. Mo ti fi tún ògiri ilé kùn, kì í ṣe pé ó ti ṣí. Mo sì ti sọ fún ọmọ yìí lórí fóònù pé owó rẹ̀ ti kéré jù, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìyá wọn.

Mo ní, "Mo sọ fún ẹ nígbà kan pé ó kéré."

Ó ní, "Mo gbọ́, Màámi."

Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan méjì tó kù. "Èyí ni mò ń tọ́jú. Ohun tí Ṣadé ní kí n fún òun lọ́jọ́ yẹn, àkójọ méjì-méjì yìí fún ọdún méjì ni. Mo sọ fún un pé kò sí. Kò sí lóòótọ́."

Mo ní kó gbé ìrẹsì wá. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ìrẹsì ṣe. Mo ní ti àbúrò rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. "Màámi, ẹ ka ẹ̀wà fún èmi, ẹ wá ń ka ìrẹsì fún Ṣadé!"

"Bí ó ṣe rí nìyẹn."

Ọ̀dọ̀ mi ni Ṣadé ń gbé, mo mọ ìnáwó rẹ̀ bí ẹní mọ ilé. Mo ka ọgbọ̀n hóró ìrẹsì. Méjì fún ìjọba. Ilé, kò san nǹkan kan. Mẹ́rìnlá fún oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ gààrí láti oko wa ni o. Mẹ́jọ fún ọ̀kadà láti Òsì sí Ìlọ́fà. Mẹ́rin fún epo jẹnẹrétọ̀ àti fóònù. Méjì fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ìsìnkú, nítorí ẹ mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa kò sí Sátidé tí wọn kì í sin ẹnìkan. Tábìlì mọ́. Kò ku hóró kan. Oṣù mìíràn sì wà tí ìrẹsì náà kì í dé títí oṣù kejì fi wọlé.

Mo mú ẹ̀wà kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì náà. Ó hàn sí mi nígbà náà bí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Ẹ̀wà kan yìí, bó bá kọjá òkun wá sílé, yóò bo ìrẹsì Ṣadé mọ́lẹ̀. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ̀wà kan náà ni, ìlàjì iṣu ló máa rà. Àwa nílé, gbogbo ọgbọ̀n náà là ń kó kọjá òkun lórí fóònù wa, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré ló lè kọjá.

Mo bi í pé, "Ṣé kí o máa bọ̀ nílé ni?"

"Ó tì o, Màámi!" Ó yára dáhùn tó bẹ́ẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. "Ìyà ò jẹ mí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn á sanwó, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń san án. Tí mo bá ṣí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí aláìsàn fi ń mí, afẹ́fẹ́ ń jáde. Ìwé ẹ̀rí méjì ni mo ti gbà kún tàtijọ́, ibi iṣẹ́ ló sanwó rẹ̀. N kò kábàámọ̀ rárá. Ohun tó ń dùn mí kò ju pé ẹ̀yin ilé ò mọ ohun tó kù lọ́wọ́ mi. Èló tilẹ̀ ni agẹ́ǹtì Ṣadé ní kó mú wá?"

Mo sọ iye náà. Ó dìde dúró.

"Owó kí ni? Màámi, ilé ìwòsàn tó gbà mí ló san owó ọkọ̀ òfuurufú mi, wọ́n san ti físà, wọ́n fún mi níbi tí mo sùn sí ní oṣù àkọ́kọ́. Owó ìdánwò ni mo fi ọwọ́ ara mi san, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì kó o jọ ní Ìlọrin. Ilẹ̀ bàbá yín ni agẹ́ǹtì yẹn fẹ́ gbé mì."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún àbúrò rẹ?"

"Kò bi mí, Màámi. A ò sọ̀rọ̀."

Ẹ wo bí ilẹ̀ bàbá mi ṣe fẹ́ lọ nítorí pé ọmọ ìyá méjì kò pe ara wọn.

Ṣadé lórí fóònù

Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo pe Ṣadé, mo gbé fóònù ti kẹ́túlù kí ó lè rí àwa méjèèjì. Mo ní, "Ṣadé, n kò ní fọwọ́ sí ìwé. A ò ta ilẹ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé Àǹtí á yí yín lọ́kàn padà. Wọ́n ti débẹ̀ tán, wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn dé."

Dúpẹ́ sún mọ́ fóònù. "Èmi lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin mà ni, Àǹtí. Ọdún kan gbáko, ẹ ò pè mí."

"Ìwọ náà pè mí?"

"Ẹ ẹ̀ rí i, Màámi? Èmi àbúrò ni kí n máa pè!"

Mo ní, "Ẹ panu mọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Ṣadé, lọ bu ìrẹsì wá." Ó kùn, ó ní Màámi ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ó bù ú wá. Mo jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ tirẹ̀ títí tó fi tán. Mo wá ní kí Dúpẹ́ yọ ẹ̀wà níṣojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ilé, Ṣadé na ọrùn sún mọ́ fóònù.

"Àǹtí, mẹ́wàá? Fún ilé nìkan?"

"Mẹ́wàá."

"Mẹ́ta sì jẹ́ ti Màámi?"

"Mẹ́ta."

Ṣadé fi ọwọ́ lé orí. "Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù wa pé ẹ háwọ́."

"Mo ti gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà níbí, ó sọ fún mi."

Ni Ṣadé bá bú sẹ́rìn-ín, ó bo ojú. Dúpẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ṣadé nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Màámi, mo ṣì fẹ́ lọ."

"N kò ní kí o má lọ. Iṣẹ́ náà dára níbí, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n fi owó tìrẹ ṣe ìdánwò. Wá ibi tó máa san owó ọkọ̀ fún ẹ. Kí o tó gbéra, mọ ohun tí o fẹ́ fi ẹ̀wà tó bá kù ṣe, nítorí wọn kì í pọ̀. Fi ilẹ̀ bàbá mi sílẹ̀ síbi tó wà."

"Á pẹ́, Màámi."

"Á pẹ́."

"Ọ̀gá Àbújá ní òun ò ní dúró mọ́."

"Kó máa lọ."

Ó pa fóònù. Inú bí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi pè mí. Dúpẹ́ ló ń pè.

Lẹ́yìn tí mo dé

Mo ti padà sí Òsì, ara mi sì le. Àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì máa ń wá bá mi láti Ìlọ́fà, láti Obbo-Ilé pàápàá, pé kí n sọ fún àwọn bóyá kí àwọn lọ. N kì í sọ pé kí wọ́n lọ, n kì í sọ pé kí wọ́n má lọ. Mo máa ń gbé ẹ̀wà sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá ní òun kò nílé, òun kò ní ọmọ, ẹ̀wà tirẹ̀ máa ń ṣẹ́kù ju ti Dúpẹ́ lọ. Ẹni tó ní òun á kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta dání, a máa ń dé ìdí ilé kí ó tó dìde lọ. Èyí tí mo ń tẹnu mọ́ fún gbogbo wọn ni pé kí wọ́n pe ẹni tó wà lọ́hùn-ún, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì gbà á gbọ́ tó bá sọ pé kò sí.

Ọdún kan ààbọ̀ ni Ṣadé fi ṣe tirẹ̀. Ìdánwò kìn-ín-ní kò bọ́ sí i, ìkejì bọ́ sí i. Dúpẹ́ ló bá a wá ilé ìwòsàn tó gbà á, kò san kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú. Ìlú mìíràn ló wà, òun àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn ló ń pín ilé, ẹ̀wà mẹ́jọ ló ń ṣẹ́kù fún un lóṣù. Mo ti ní kí àwọn méjèèjì sinmi lórí tèmi. Ọ̀kan-ọ̀kan ni mò ń gbà lọ́wọ́ wọn báyìí, ó sì tó mi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo pe àlùfáà wa àti àwọn àgbà ilé bàbá mi sí Òkè-Ọ̀pin, mo pín ohun tó jẹ́ tèmi nígbà tí ojú mi ṣì là. Ìdajì ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò di ti Dúpẹ́. Ìdajì tó kọjú sí títì di ti Ṣadé. Ṣẹ́gun ni yóò máa kó obì tó bá so, níwọ̀n ìgbà tó bá ń ro oko náà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi tó kọ́ ahéré sí, tirẹ̀ ni títí láé. Ẹnìkan nínú àwọn àgbà bèèrè pé kí ni obìnrin méjì tó wà lókè òkun fẹ́ fi ilẹ̀ oko ṣe. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ ọn pé kó fọwọ́ sí i.

Igi obì kan wà tó dúró gẹ́lẹ́ sí ààlà àárín ìdajì méjèèjì. Dúpẹ́ ní ti òun ni, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ dojú kọ odò. Ṣadé ní ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ nà sí ni kí ẹ wò. Gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, fóònù mi á dún, ti ọ̀kan á ṣáájú, ti èkejì á tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ti jọ pe ara wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti jà á tán, wọ́n tún ń gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ṣadé ti ra okùn ìwọnlẹ̀. Dúpẹ́ ní òun kò gba okùn Ṣadé gbọ́, òun náà ti ra tòun. Wọ́n ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ ni àwọn ń bọ̀, àwọn méjèèjì, láti wá wọ̀n ọ́n fúnra wọn.

Mo mọ ẹni tó ni igi náà. Èmi ni mo gbìn ín, mo sì mọ ibi tí mo dúró sí. N kò ní sọ fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé ìjà náà wálé.